Sítúdíò kàtúùnù ní Abẹ́òkúta: nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gba ṣọ́ọ̀bù

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan ní Ọbàntokò ti ń fi kọ̀ǹpútà ya kàtúùnù fún ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn oníṣòwò láti inú yàrá rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì fẹ́ kí wọ́n jọ dá sítúdíò sílẹ̀. Owó díẹ̀ wà nílẹ̀, àmọ́ wọn ò mọ èwo ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe: ṣé kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Ìléwó ni, kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tó lágbára, kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ mẹ́rin, àbí kí wọ́n kúkú kó lọ sí Èkó?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré, pàápàá níbi tí iná ti ń ṣe ségesège. Ẹ má tíì gba ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sì tíì gba òṣìṣẹ́. Nǹkan kan ṣáájú gbogbo ìyẹn, òun sì ni iye sẹ́kọ́ńdì kàtúùnù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè parí lójúmọ́. Owó tí ẹ óò bu fún oníbàárà, ọjọ́ tí ẹ óò dá fún un, irú òṣìṣẹ́ tí ẹ nílò, bóyá apá yín ká owó ṣọ́ọ̀bù, inú nọ́ńbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ẹni tó mọ àwòrán yà dáadáa ṣì lè wọ gbèsè nídìí iṣẹ́ yìí, bí kò bá mọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ mú ìran kan tó jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 10: kí ẹnì kan wọlé, kó jókòó, kó sọ gbólóhùn kan. Ẹ ṣe é dópin bí ẹni pé oníbàárà ń dúró láti gbà á. Ẹ máa kọ àkókò tí ẹ jókòó àti àkókò tí ẹ dìde sílẹ̀, kí ẹ sì ya ìpele mẹ́ta sọ́tọ̀: ìlà àkọ́yà, ìlà tó mọ́, àti àwọ̀. Kí àwọn ọ̀rẹ́ yín náà ṣe ìran kan náà. Tí a bá ní ẹ ti parí sẹ́kọ́ńdì kan, ohun tí à ń sọ ni pé ẹ kò ní fọwọ́ kàn án mọ́ àfi tí oníbàárà bá ní kí ẹ tún un ṣe.

Ìdí tó fi ń pẹ́ nìyí. Férémù 24, ìyẹn àyè tí àwòrán kan ń gbà lójú fídíò, ló wà nínú sẹ́kọ́ńdì kan. Bí ẹ bá ń di àwòrán kọ̀ọ̀kan mú fún férémù méjì, bí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ṣe ń ṣe, àwòrán 12 ni sẹ́kọ́ńdì kan máa gbà, ìṣẹ́jú kan á sì gba 720. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ló máa gba inú ìpele mẹ́ta yẹn kọjá. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún oníbàárà pé òun á fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ìpolówó oníṣẹ́jú kan ti ṣèlérí nǹkan bí àwòrán 103 lójúmọ́ láìsinmi ọjọ́ Àìkú, kó tó kan àwòrán ẹ̀yìn àti ohùn. Ẹni tó ń fi ọwọ́ yà á látòkèdélẹ̀ sábà máa ń parí sẹ́kọ́ńdì méjì sí mẹ́rin lójúmọ́. Bí ẹ bá gé ara ẹ̀dá inú eré náà sí oríkèéríkèé, tí ẹ so ó pọ̀ bí ọmọláńgidi (ohun tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní rig), ó lè tó mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kíkan rig náà fúnra rẹ̀ máa ń gba ọjọ́ méjì sí márùn-ún. Rig kò wúlò fún ẹ̀dá tó máa yọjú lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tí ẹ óò máa rí nínú eré mẹ́wàá ló yẹ fún.

Ẹ jẹ́ ká wá fi nọ́ńbà ṣírò owó. Ká ní sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin ni tiyín lójúmọ́, tí ilé ìwé kan sì fẹ́ ìpolówó oníṣẹ́jú kan. Yíyà rẹ̀ gba ọjọ́ 15. Storyboard (àwòrán ìṣáájú tó fi ìran kọ̀ọ̀kan hàn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé) àti animatic (storyboard tí a tò mọ́ ohùn) gba ọjọ́ mẹ́ta, yíya ìrísí àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ gba mẹ́ta, àwòrán ẹ̀yìn mẹ́wàá ní méjì-méjì lójúmọ́ gba márùn-ún, ohùn àti àkópọ̀ gba mẹ́ta, àtúnṣe gba mẹ́rin. Ó di ọjọ́ 33. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò ohun tí ẹ ń ná lóṣù: oúnjẹ, ilé, iná, dátà, àti owó tí ẹ ń yà sọ́tọ̀ láti fi pààrọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ká fi ₦600,000 ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má pín in sí 30. Ọjọ́ tí ẹ fi wá iṣẹ́, tí ẹ fi lọ rí oníbàárà, tí ẹ fi tún ẹ̀rọ ṣe, kò sẹ́ni tó máa sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 15 ló kù lóṣù tí owó ń wọlé nídìí rẹ̀. ₦600,000 pín sí 15 jẹ́ ₦40,000 lójúmọ́; iye ojúmọ́ yín nìyẹn. Ọjọ́ 33 di ₦1,320,000. Ẹ fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, ó di ₦1,518,000, láìka owó ẹni tó sọ̀rọ̀ sí i àti owó orin.

Oníbàárà lè ní ₦500,000 lòun ní. Ẹ má bínú sí i, ẹ má sì gba iṣẹ́ ọjọ́ 33 ní iye yẹn. Ọjọ́ 12 àtààbọ̀ ni owó rẹ̀ rà. Ẹ fi ohun tó wọ inú ọjọ́ yẹn hàn án: sẹ́kọ́ńdì 20, ẹ̀dá kan, àwòrán ẹ̀yìn méjì, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan. Iṣẹ́ lẹ ń dín kù, ẹ kò dín iye ojúmọ́ yín. Àwọn oníṣòwò wa mọ irú ìdúnàádúrà báyìí dáadáa. Ohun tí inú wọn kì í dùn sí ni kí èèyàn gba owó kékeré tán kó wá máa fi iṣẹ́ falẹ̀.

Owó náà, ìpele mẹ́ta ni kí ẹ máa gbà á: ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó mú kálámù, ìdá 30 nígbà tí ó bá fọwọ́ sí animatic, ìdá 30 tó kù kí fáìlì tó mọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín. Èyí tí ẹ óò fi hàn án kó tó san ti ìgbẹ̀yìn, kí orúkọ sítúdíò yín wà láàárín rẹ̀ gàdàgbà. Animatic ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ mọ́ jù. Àwọn àwòrán storyboard ni, tí a tò tẹ̀lé ohùn gidi, tí gígùn ìran kọ̀ọ̀kan sì ti pé. Bí oníbàárà bá yí gbólóhùn kan padà níbẹ̀, wákàtí kan ẹ ti ṣe é. Bí ó bá yí i padà lẹ́yìn tí àwọ̀ ti wọlé, ẹnu, ọwọ́, ojú àti gígùn ìran ni ẹ máa tún yà, ọjọ́ mẹ́ta lè lọ sí i. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ohun tó bá yí padà lẹ́yìn animatic, iye ojúmọ́ yín ni yóò fi san án.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lè fọwọ́ sí gbogbo nǹkan, kí ọ̀gá rẹ̀ tàbí pásítọ̀ rẹ̀ wá rí i lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, kó ní òun ò fẹ́ bùbá, aṣọ òyìnbó lòun fẹ́. Kí ẹni yẹn gan-an kọ "mo fọwọ́ sí i" ránṣẹ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ lẹ́tà tí ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ béèrè bákan náà ibi tí wọ́n ti máa lò ó. Tẹlifíṣọ̀n wa ń lo férémù 25. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní 24, tí wọ́n bá kàn gbé e sáré ní 25, á fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún yára sí i, ohùn á sì tín-ín-rín. Tó bá jẹ́ ìpolówó, ARCON, àjọ ìjọba tó ń ṣàmójútó ìpolówó, gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde síta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ta ló máa lọ ṣe ìyẹn, kí ẹ sì ka ọjọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Bí ẹ bá ń fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, torí tí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, oníbàárà á sì rò pé bí iṣẹ́ yín ṣe rí nìyẹn.

Ní ti kọ̀ǹpútà, èyí tó ní 16GB RAM tó fún kàtúùnù tí à ń fọwọ́ yà. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe 3D nínú Blender ni kó wá 32GB. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya kàtúùnù, Krita, OpenToonz àti Blender, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, DaVinci Resolve náà sì ní ti ọ̀fẹ́ fún àkópọ̀. Ẹ kọ́ ọ̀kan dé ìsàlẹ̀. Kò sí ìdí láti lo ètò tí wọ́n jí gbé.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Bátìrì 12V tó jẹ́ 200Ah, 2,400Wh ló jẹ́ nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èyí tó ń lo ásíìdì, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa lò kó má bàa tètè kú. Kọ̀ǹpútà tábìlì àti ojú rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe render (tí kọ̀ǹpútà ń sọ iṣẹ́ di férémù tó parí), lè máa jẹ 250W. Tí ẹ bá yọ ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kúrò, wákàtí mẹ́rin ni. Láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ 65W á lo nǹkan bíi wákàtí 15 lórí bátìrì kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí ẹ̀yin mẹ́ta lo láptọ́ọ̀pù fún yíyà, kí ẹ sì ní kọ̀ǹpútà tábìlì kan ṣoṣo fún render. Ìṣẹ́jú kan ní 3D jẹ́ férémù 1,440. Bí férémù kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú méjì, wákàtí 48 gbáko ni. Ẹ má ṣe render tààrà sí MP4 láé. Bí NEPA bá mú iná ní férémù 1,300, fáìlì náà ò ní lè ṣí, gbogbo rẹ̀ ti ṣòfò. Ẹ jẹ́ kó máa jáde ní PNG, férémù kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀. Tí iná bá dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí gbogbo iṣẹ́ ní, kí ọ̀kan máa wà nílé ọ̀rẹ́ yín. Kí orúkọ fáìlì máa ní nọ́ńbà ìran àti nọ́ńbà ẹ̀dà, bíi "sc03_sh020_v004". Ẹni tó bá ń kọ "final" sí fáìlì, kò ní pẹ́ tó fi máa kọ "final2".

Ibi tí iṣẹ́ yín ti lè dá yàtọ̀ ni ẹnu. Àtẹ ẹnu tó kún íńtánẹ́ẹ̀tì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yà á fún. Bí ẹ bá tẹ̀lé e, lẹ́tà g ni ẹ máa rí nínú "gbogbo", ẹ óò sì fi ẹnu sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ètè gbọ́dọ̀ pa dé ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ yẹn: gb, kó ṣí sí o roboto, gb, kó tún ṣí sí o. Ọmọ kékeré tó ń wò ó mọ̀ pé nǹkan kan ò bára mu, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tó jẹ́. B, m, p àti gb ló ń pa ètè dé. Kí pípa náà dúró fún férémù méjì ó kéré tán, kó sì ṣáájú ohùn ní férémù kan tàbí méjì. F, kí eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀. W àti u máa lo ẹnu kékeré tó sún síwájú. O ń roboto, ọ náà ń roboto ṣùgbọ́n àgbọ̀n sọ̀kalẹ̀ sí i. E àti ẹ kò roboto, ṣùgbọ́n ti ẹ ni àgbọ̀n ti sọ̀kalẹ̀ sí i. I fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. A ni ó ṣí jù. Pẹ̀lú ẹnu tó sinmi, ẹnu mẹ́wàá ti tó. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò hàn lára ètè, ẹ má yà ẹnu tuntun fún wọn; ìpéǹpéjú àti orí ni kó gbé e. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Rhubarb Lip Sync ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní phonetic, tí kò dúró lórí Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ara yín tún gb àti p yẹ̀ wò.

Ẹ gba ohùn sílẹ̀ kí ẹ tó yà ohunkóhun, ní 48kHz. Ẹ pa fáànù, ẹ so bùláńkẹ́ẹ̀tì kọ́ yí ibi tí ẹni náà dúró sí ká, kí ẹ sì dúró dìgbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá dákẹ́.

Bí ẹ ti wà ní Abẹ́òkúta, oníbàárà máa fẹ́ àdìrẹ lára àwọn ẹ̀dá inú eré, àwọn oníṣòwò Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, pàápàá. Ó ń dùn mọ́ni lójú, ó sì lè ba iṣẹ́ jẹ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ọnà rẹ̀ kún wẹ́wẹ́, tí ẹ bá ń fọwọ́ tún un yà ní férémù kọ̀ọ̀kan, ọnà náà á máa gbọ̀n bí omi tó ń hó, torí ọwọ́ kankan kò lè yà á bákan náà nígbà 720. Tí fídíò bá wá gba orí fóònù, àwọn àmì kéékèèké á dà pọ̀ di ẹrẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ ya fọ́tò aṣọ náà nílẹ̀ gbọọrọ, láti òkè tààrà, lábẹ́ òjìji, kí ẹ sọ ọ́ di ọnà tó lè tún ara rẹ̀ ṣe láìfi ojú ìránpọ̀ hàn. Ẹ yan ọnà ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú rẹ̀, kí ìlà tó kéré jù má dín ní píkísẹ́ẹ̀lì márùn-ún lórí 1920×1080. Ẹ wá fi í sínú ibi tí àwọ̀ aṣọ wà. Tó bá jẹ́ rig, apá ní tirẹ̀, ara ní tirẹ̀, kí ọnà máa bá oríkèé lọ. Kí funfun inú rẹ̀ má funfun jù. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aṣọ ni ojú olùwòran máa lọ bá, kò ní wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọnà àtijọ́ kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ ọnà tuntun tí oníṣẹ́ kan fúnra rẹ̀ gbé jáde, ẹ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ Èkó. Ẹ má kó lọ. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ń dúró ní Abẹ́òkúta, ẹ lè fi lọ rí oníbàárà. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà lọ. Owó ilé Èkó kàn máa gbé iye ojúmọ́ yín ga ni láìjẹ́ pé àwòrán dára sí i.

Òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbà, ẹ wo ìwé àkókò tí mo ní kí ẹ kọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ìlà tó mọ́ àti àwọ̀ ló ń jẹ ìdajì ọjọ́ yín tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó máa ṣe ìyẹn ni kí ẹ wá, kì í ṣe ayàwòrán mìíràn tó mọ ohun tí ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ máa sanwó fún un lórí sẹ́kọ́ńdì tó bá parí, kí ẹ tó sọ ọ́ di owó oṣù. Kí gbogbo ẹni tó bá bá yín ṣiṣẹ́ bọwọ́ lùwé kó tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà di ti sítúdíò, torí lábẹ́ òfin Nàìjíríà, gbígbé ẹ̀tọ́ onínǹkan fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Àdéhùn ẹnu kò tó.

Ẹ fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ṣe eré tiyín. Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ sí mẹ́ta tó. Iṣẹ́ oníbàárà kì í sábà fi gbogbo ohun tí ẹ lè ṣe hàn, eré tara yín ló ń mú oníbàárà tó tóbi wá. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí àjọ̀dún fíìmù, bíi ti Annecy ní ilẹ̀ Faransé tó ti wà láti 1960, ẹ ka òfin wọn dáadáa kí ẹ tó fi eré náà sórí YouTube, torí àjọ̀dún míì kì í gba ohun tí gbogbo ayé ti rí. Ẹ má sì gbọ́kàn lé YouTube fún owó oúnjẹ. Ó di ìgbà tí ẹ bá ní 1,000 alábàápín àti wákàtí 4,000 ìwòran láàárín oṣù 12 kí ìpolówó tó lè máa mówó wọlé fún fídíò gígùn, kàtúùnù tí ẹ bá sì sàmì sí pé ti ọmọdé ni, wọn kì í fi ìpolówó tó tẹ̀lé ìfẹ́ olùwòran síbẹ̀, nítorí náà owó rẹ̀ máa ń kéré.

Ṣọ́ọ̀bù ni mo fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ gbà á lọ́jọ́ tí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta bá ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ti san ìdá 40 rẹ̀, tí owó ilé náà kò sì ní gbé iye ojúmọ́ yín kọjá ohun tí oníbàárà yín ń san. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹ gba iṣẹ́ sẹ́kọ́ńdì 30 kan, kí ẹ jọ ṣe é dópin pẹ̀lú owó gidi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ lọ sí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Fún ènìyàn mẹ́ta, ilé iṣẹ́ tó ní ìpín (share) dára ju orúkọ òwò lásán lọ, torí ìpín oníkálukú á wà ní àkọsílẹ̀. Kí ẹ sì kọ ìwé láàárín ara yín: ta ló ń di owó mú, ta ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìpín ẹni tó bá kúrò, àti pé ta ló ni àwọn ẹ̀dá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti yà kí sítúdíò tó wà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú.